Ayaba Ilẹ̀ Híńdì Tó Fi Aṣọ Di Ojú

Bàbá mi kò bí ọkùnrin. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló bí, èmi sì ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ni mo máa ń jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìlọrin nígbà tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní kéú. Èmi ni mo ń fọ wàláà tí wọ́n ń kọ̀wé sí, èmi ni mo ń po tàdáwà. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo ti mọ lẹ́tà Lárúbáwá kọ ju púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin náà lọ. Bàbá mi kò yìn mí, kò sì lé mi. Nígbà tó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ń bá ara wọn sọ létí odò Àsà, ó kà á tán, ó ní kí n má fi tàdáwà ṣòfò, ó sì dá ìwé náà padà fún mi.

Mo sọ èyí kí ó lè yé ẹni tó bá ń kà mí, bí obìnrin tí kò dé ilé ìwé òyìnbó rí ṣe di ẹni tó ń kọ ìtàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ìtàn ti wá bá mi. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló ti wá, òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ará Íńdíà kan tí èmi kò fojú kàn rí.

Ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ni ọkọ mi ń ṣe, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn ọba ìlú mìíràn máa ń rán ènìyàn wá rà lọ́dọ̀ wa. Òkúta ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á kán òkúta náà wẹ́wẹ́, wọ́n á fi irin tín-ín-rín lu ihò sí i láti orí méjèèjì títí ihò méjèèjì yóò fi pàdé láàárín, wọ́n á wá máa fi omi yí i lórí òkúta pẹlẹbẹ títí yóò fi dán. Ihò lílù ni ọkọ mi mọ̀ jù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọwọ́ ń ṣe nínú iṣẹ́ náà, ojú ló ń ṣe èyí tó pọ̀. Tó bá ti gbé òkúta sókè sí oòrùn, á pa ojú kan dé, á sì sọ fún ọ ibi tí yóò ti fọ́ tí wọn kò bá ṣọ́ra.

Mo ti lóyún oṣù mẹ́ta nígbà tí wọ́n mú un. Ogun Jámánì ti gbóná níbi kan tí a kò mọ̀. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ránṣẹ́ sí ààfin, ààfin ránṣẹ́ sí àwọn magàjí àdúgbò, pé kí oníkálukú mú ọkùnrin tó lágbára wá, tí yóò máa ru ẹrù fún àwọn ṣọ́jà. Bàbá ọkọ mi ti kú, kò sì sí àgbà kankan nínú ilé wọn tó lè bá magàjí sọ̀rọ̀ kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n kó wọn lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀. Èmi kò lè lọ nítorí èébì ń gbé mi.

Kò sí ìwé, kò sí iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bímọ obìnrin, bàbá mi sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ náà ti ń rìn kiri nínú ilé nígbà tí ọkọ mi padà dé. Aláàárù ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló fà á wá láti ibùdókọ̀, òun mú orí ọ̀pá kan, ọkọ mi mú ìdí rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì funfun. Ìyá rẹ̀ lọ dúró níwájú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó ń retí kí ó mọ òun. Ìgbà tí ó wúkọ́ ni ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀.

Oṣù kan gbáko ni kò fi sọ nǹkan kan tó ju pé kí a bu omi fún òun tàbí kí a mú òun lọ sẹ́yìn ilé. Bí mo bá gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, á fọwọ́ pa á lórí, á gbé e padà fún mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ọ. Wọ́n ru ọta ìbọn gba inú ẹrẹ̀ àti òjò kọjá fún oṣù púpọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ kú sójú ọ̀nà, ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa wọ́n, wọn kò sì rí ẹni kírun sí wọn lára. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ro òun náà, ó ń ṣe ọyún, wọ́n sì ní kó ṣì máa ru ẹrù. Ọjọ́ tó subú sínú kòtò pẹ̀lú àpótí lórí ni wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù kan létí òkun. Ibẹ̀ ni ojú náà fọ́ sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun àyìlá tán, mo ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọba kan wà rí ní ilẹ̀ Íńdíà tí kò ríran.”

Mo ní, “Ta ló sọ fún yín?”

“Ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ ojú wa ní ọsibítù.”

Ará Íńdíà ni ọkùnrin náà. Ó ti ń ta aṣọ ní etí òkun yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ogun tó dé, ó sì gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ dáadáa. Ọkọ mi ní èdè náà kò ṣòro fún òun láti kọ́, nítorí Lárúbáwá ti wọ inú rẹ̀ bó ṣe wọ inú tiwa. Wákàtí ni wọ́n ń pe wákàtí, dúníyàn ni wọ́n ń pe dúníyàn, sàbàbí wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Ní ojoojúmọ́ tí ọkùnrin yìí bá ti ń tú aṣọ lójú wọn, á máa ké ewì kan ní èdè tirẹ̀, bí ìgbà tí àwọn obìnrin bá ń ké wákà, lẹ́yìn náà á wá tú u sí èdè etí òkun fún wọn. Ewì ogun ni. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń ké e ní ilẹ̀ wọn. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ará Íńdíà náà fi ní bàbá tó kọ́ òun kò ké e dé òpin kó tó kú.

Bàyìí ni ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Láti àyìlá títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun àsárì, á jókòó sórí ẹní, á gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ á sì yí padà. Àwọn ọmọ ọba tí kò ríran náà àti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń jà sí oyè, ti ọba jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ti àbúrò jẹ́ márùn-ún. Wọ́n ta ayò, ẹ̀gbọ́n àwọn márùn-ún, tí wọ́n fi ẹ̀tàn pa láyò, pàdánù ilẹ̀, ó pàdánù àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì fi ìyàwó tí àwọn márùn-ún jọ fẹ́ ta á. Wọ́n fa obìnrin náà wọ inú ìgbìmọ̀ ní irun rẹ̀, àwọn àgbà sì ń wo ilẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, mo rí i pé òwú ti já lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ìgbà tó já.

Ní ọjọ́ kẹrin mo mú kálàmù àti tàdáwà wá. Mo lọ bẹ bàbá mi fún ìwé. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo sì sọ fún un.

Ó ní, “Híńdì ni àwọn Lárúbáwá ń pe ilẹ̀ yẹn. Àwọn akéwì wọn àtijọ́ máa ń yin idà tó ti ibẹ̀ wá. Ṣé òtítọ́ ni ìtàn yìí?”

“N kò mọ̀, Bàbá.”

“Kọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n má kọ bísímílà sí orí rẹ̀.”

Akọ̀wé lásán ni mo jẹ́ nígbà náà. Ohun tí ọkọ mi bá sọ ni mo ń kọ. Tí ó bá tún ọ̀rọ̀ yí padà, èmi náà á pa á rẹ́, màá tún un kọ.

Ìtàn ayaba ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ ọba ni ayaba náà láti ìlú mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ẹ fún ọba tí kò ríran yìí, tó sì gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí, ó mú aṣọ, ó ṣẹ́ ẹ po lọ́pọ̀ ìgbà, ó fi di ojú ara rẹ̀. Ó ní ohun tí ọkọ òun kò bá rí, òun náà kò ní í rí i. Ó bí ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin, kò fojú rí ọ̀kan nínú wọn.

Ìyá ọkọ mi ń ṣa ìrẹsì nítòsí nígbà tó gbọ́ ọ. Ó gbé àtẹ sílẹ̀. Ó ní, “Èyí ni wọ́n ń pè ní ìyàwó.” Kò wò mí nígbà tó sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wá kí wa tí kò sọ ọ́ fún. Á ní ní ilẹ̀ kan báyìí, obìnrin wà tó di ojú rẹ̀ nítorí ọkọ. Àwọn obìnrin á mi orí, wọ́n á wá bojú wò mí níbi tí mo ti ń dáná.

Kò kọ́kọ́ dùn mí. Ìyá náà ti rí ìyà, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ohun tó dùn mí ni pé ọkọ mi ń gbọ́, kò sì sọ pé kó dákẹ́.

Ó ti fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní àsìkò yẹn. Ó ní kí n gbé irin àti òkúta wá, pé ọwọ́ òun mọ ọ̀nà. Ó jókòó tì í láti àárọ̀. Ó fọ́ òkúta mẹ́ta. Ní ti ìkẹrin, ó lu irin náà gba ọwọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ èékánná, ó sì ń lù ú lọ, ó rò pé òkúta ni, títí mo fi rí ẹ̀jẹ̀ tí mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Nígbà tí mo ń di ojú egbò náà, ó bi mí pé báwo ni ojú òun ṣe rí báyìí. Mo ní kò burú. Ó ní, “Ìwọ ń rí mi, èmi kò rí ọ. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ìwọ lè máa wo ibòmíràn, n kò lè mọ̀.” Mo ní n kì í wo ibòmíràn. Irọ́ ni mo pa.

Lẹ́yìn náà ni àrùn lùkúlùkú dé. Láti ọ̀nà Èkó ni ó ti bá rélùwéè gòkè wá. Ènìyàn á wúkọ́ lónìí, wọ́n á gbé e jáde lọ́la. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti sin òkú mẹ́fà nínú agbo ilé tó wà níwájú tiwa, àwọn tó ń gbẹ́ sàárè náà sì ń dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi kò kọ́ kéú mọ́, ó ń ti jànásà kan bọ́ sí òmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá ọkọ mi jáde lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ara ọmọ mi gbóná díẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, mo fún un ní àgbo, ó mu ún, ó sì béèrè fún ẹ̀kọ. Ọkọ mi pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, “Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Tó o bá kọ̀, n kò ní í bínú.”

Mo ní kó wí.

“Di ojú rẹ. Lónìí nìkan, títí di àsárì. Kì í ṣe nítorí ohun tí Ìyá ń sọ. Ó kàn ṣe mí bíi kí ènìyàn kan bá mi wà níbí.”

Mo rántí pé mo dúró pẹ́. Mo ronú nípa ọmọ, mo ronú pé ẹ̀yìn mi ni yóò wà, kò sì ní í lọ ibì kankan. Mo fa gèlè mi àtijọ́ ya, mo pọn ọmọ, mo so ọ̀já gírígírí, mo sì fi aṣọ náà di ojú mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tó tẹ̀ lé e yìí ni mo ṣì máa ń tijú láti sọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Inú ọkọ mi náà dùn. Ó dìde, ó di ọwọ́ mi mú, òun tí mo ń fà kiri láti oṣù púpọ̀ ni ó ń fà mí. Ó ní, “Má na ọwọ́ síwájú báyẹn, fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ògiri.” Ó kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́ ẹnu ọ̀nà, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀ létí. Mo forí gbá òpó, ó sì rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti mú un lọ. Mo gbọ́ tí àwọn aládùúgbò ń yí òkúta lántànà lórí omi, ìró tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, ó sì dà bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Ó bu ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu. A jókòó tira wa, ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ, pé ogun ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé àwọn ọmọ ogun ti tò sí apá méjèèjì pápá. Ọmọ mi sinmi lé ẹ̀yìn mi. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, mo sì sọ fún ọkọ mi pé ó ti sùn.

A kò tíì pe àsárì nígbà tí ìyá ọkọ mi wọlé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì rò pé inú rẹ̀ yóò dùn láti rí mi báyìí. Ó dúró lẹ́yìn mi.

Ó ní, “Ìyàwó, tú aṣọ ojú rẹ. Sọ ọmọ kalẹ̀.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo tú aṣọ náà, ìmọ́lẹ̀ sì gún mi lójú tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí nǹkan fún ìgbà díẹ̀. Ìyá ti tú ọ̀já. Nígbà tí ojú mi là, mo rí ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn láti imú rẹ̀, ó ti gbẹ sí ẹ̀yìn bùbá mi. Ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n mímí náà kò dọ́gba. Ó wò mí. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Ọkùnrin mẹ́ta péré ló kírun sí i lára, bàbá mi, ọkọ mi àti aládùúgbò kan. Líkáfání ti wọ́n nílùú. Aṣọ funfun tí bàbá mi ń wọ̀ lọ Jímọ̀ ni wọ́n gé fún un.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Bàbá mi ní kàdárà ni, ó ní ọmọ tí ìyá wọn ń wo ojú wọn láti àárọ̀ dalẹ́ náà ń kú. Òtítọ́ ni. Nínú agbo ilé kejì, obìnrin kan wà tó jókòó ti ọmọ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Mo mọ èyí dáadáa, mo sì tún mọ̀ pé ìgbà tí ètè ọmọ mi ń dúdú lọ, èmi ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ ọkọ mi, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi kò sọ ìtàn mọ́. Ibi tí àwọn ọmọ ogun ti tò sí apá méjèèjì pápá, ibẹ̀ ni ó dúró. A ń gbé inú ilé kan náà, à ń kí ara wa láàárọ̀, mo ń fà á lọ sí ibi tó bá fẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ kò tún dárúkọ ayaba náà fún àlejò kankan.

Ó tó ìgbà tí wọ́n ti ṣe sàárà ogójì ọjọ́ tán kí n tó ṣí àpótí tí ìwé mi wà. Mo fẹ́ jó wọn. Mo mú wọn dé ìdí iná. Ìdí tí n kò fi jó wọn kò ju pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, mo sì ka èyí tó kẹ́yìn tán, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tí ebi ń pa, mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ayaba náà. Ṣé ó padà tú aṣọ yẹn? Ọgọ́rùn-ún ọmọ ló wà lójú ogun. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ni yóò kú, ọkọ mi ti sọ èyí níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni òun ṣe? N kò lè bi ọkọ mi. Nítorí náà mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra mi.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ ní ọ̀sán, ní àkókò tí ọkọ mi máa ń sọ ìtàn tẹ́lẹ̀. Mo mú ayaba náà jáde kúrò láàfin lẹ́yìn tí ogun parí, mo mú un dé pápá ní ọ̀sán gangan, mo sì ní kó tú aṣọ náà. Aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú láti ọjọ́ tó pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gún un. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó rí òkú tó lọ súà, kò sì mọ èwo ni ọmọ tirẹ̀ nínú wọn, nítorí kò rí wọn rí. Ó ń ti ara òkú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wo ojú wọn, ojú àjèjì ni gbogbo rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, n kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ní ọjọ́ kẹta ni mo rí i. Ó tún pa ojú dé. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa wọ́n lójú, imú, etí, àpá ìgbà èwe, báyìí ni ó sì ṣe ń mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo sunkún nígbà tí mo kọ ọ́ tán. N kò tíì sunkún tẹ́lẹ̀, kódà níbi sàárè.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ kà á. Ó di ìwé náà mú pẹ́. Ó ní, “Ṣé ọkọ rẹ ló sọ èyí?”

“Rárá, Bàbá.”

“Kò ṣẹlẹ̀?”

“Kò ṣẹlẹ̀ níbì kankan.”

Ó mú kálàmù, ó tún lẹ́tà méjì tí mo ṣì kọ ṣe, ó sì nà án sí mi. Títí tó fi kú, kò tún bá mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí àwọn Gàǹbàrí tó ń ta ìwé bá ti dé láti Kánò, á yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún mi láti kọ ìtàn sí.

Ó gbà mí tó oṣù kan kí n tó lè kà á sétí ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo kà á láìgbé orí sókè. Nígbà tí mo parí, ìyá ọkọ mi dìde, ó ní, “Ọwọ́ ló fi mọ̀ wọ́n,” ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e.

“Kò rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ará Íńdíà.”

Mo ní, “Báwo ló ṣe rí?”

“Kò tú aṣọ. Ọlọ́run fún un ní ojú inú, ó dúró lókèèrè, ó sì rí gbogbo rẹ̀ láìtú u. Ó mọ olúkúlùkù ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹnìkan ṣépè.”

“Ta ni?”

“Ẹni tó lágbára láti dá ogun náà dúró, tí kò dá a dúró. Èpè náà sì mú un, òun àti gbogbo ilé rẹ̀.” Ó ń fi àtàǹpàkò pa àpá abẹ́ èékánná rẹ̀. “Kò sí èpè nínú tìrẹ.”

“Kò sí.”

“Kí ló dé?”

Mo ní n kò mọ ẹni tí màá darí rẹ̀ sí.

Ó ní, “Èmi ni mo ní kí o di ojú.” Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ nìyẹn.

Mo ní, “Èmi ni mo sì dì í.”

A kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò lè sọ pé ara tù mí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àyìlá, ó ní kí n gbé kálàmù wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ọmọ ogun ti tò sí apá méjèèjì pápá. Ọjọ́ méjìdínlógún ni wọ́n fi ja ogun náà. Ó gbà wá ju oṣù mẹ́ta lọ láti sọ ọ́ tán. Ó ń sọ tirẹ̀, mo ń kọ ọ́ sí ìwé kan. Nígbà tó bá ti kírun àsárì, màá kọ tèmi sí ìwé mìíràn. Ó mọ̀. Nígbà mìíràn á béèrè ohun tí mo sọ ẹnìkan dà, bíi ti obìnrin kan nínú ìtàn náà tó gbé ọmọ tó bí láìlọ́kọ sínú agbọ̀n, tó sì fi í lé odò lọ. Á gbọ́, á ní ará Íńdíà kò ní í gbà. Mo rí i pé ó ń wù ú láti gbọ́ ọ.

Ọmọ mìíràn kò wá. A gbìyànjú, kò wá. Wọ́n ní kó fẹ́ ìyàwó kejì, kò fẹ́. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún kejì lẹ́yìn lùkúlùkú, ọkọ mi fúnra rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ikọ́ ló ṣe é. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wò ó. N kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ láti àárọ̀ títí tó fi dákẹ́, ìyẹn náà kò sì yí nǹkan kan padà.

Ìtàn méje ni mo ti kọ láti ìgbà náà. Mẹ́ta nínú wọn ló ní ará Íńdíà nínú, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ń gbé jọ Ìlọrin, wọ́n ń pọn omi ní odò tó jọ Àsà, àwọn magàjí wọn sì ń kó ọkùnrin lọ sógun. Àwọn obìnrin àdúgbò máa ń wá ní ọ̀sán kí n kà wọ́n fún wọn. Wọ́n fẹ́ràn ti agbọ̀n inú odò jù. Èyí tó jẹ́ ti ayaba, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kà á fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin agbo ilé kejì tó sin ọmọ mẹ́ta, ní kí n má kà á mọ́ níṣojú òun, mo sì gbà fún un.